Omi Tí À Bá Mu Ló Ń Ṣàn Kọjá Wa

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní gúúsù Kalifọ́níà)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò mọ́ tónítóní, àmọ́ ó kan gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ omi gọ́tà ni.

Àwọn bàbá wa ní omi tí èèyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. A máa ń fi gbàdúrà, a sì ń ṣe àmín sí i. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ní ilẹ̀ tí a wà yìí, níbi tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ láti oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹwàá, ṣé omi tí à bá mu kò máa ṣàn kọjá wa? Ó ń ṣàn kọjá. Ojoojúmọ́ ló ń ṣàn kọjá. Bí ó sì ti ń lọ sínú òkun, à ń ná owó ńlá láti fa omi mìíràn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà omi tó ń bọ̀ láti àfonífojì Owens, tí wọ́n parí ní 1913, gùn ju máìlì 230 lọ kó tó dé Los Angeles. Èyí tó ń bọ̀ láti odò Colorado gùn ju máìlì 240 lọ. Òmíràn tún ń ti ìhà àríwá Kalifọ́níà bọ̀. A lọ pọn omi ní ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, a wá ń da ti ẹnu ọ̀nà wa sókun. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé yín lónìí. Omi gọ́tà ṣeé gbà sílẹ̀, ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé lò, kódà ó ṣeé mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé kí a kàn so gọ́tà mọ́ páìpù ìdọ̀tí ni, onítọ̀hún yóò fi ìdọ̀tí kún ìlú. Ìgbà ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé: ìgbà tí a ó ṣí ọ̀nà fún omi, àti ìgbà tí a ó tì í.

Níbo ni omi gọ́tà ń lọ?

Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò mi kan wà, èèyàn jẹ́jẹ́, tó máa ń fọ mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé ní Sátidé. Ọṣẹ ń ṣàn, òróró ń ṣàn, gbogbo rẹ̀ ń wọ ojú gọ́tà. Lọ́jọ́ kan mo kí i, mo sì bi í pé níbo ni omi yẹn ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ìjọba ń fọ̀ ọ́ kó tó dé òkun." Ó dá a lójú ṣáká.

Ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó nínú wa ló rò bẹ́ẹ̀?

Páìpù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ títì ní Los Angeles. Ọ̀kan ń gbé omi ìdọ̀tí: omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi baálùwẹ̀, omi tí a fi fọ abọ́. Èyí ń lọ sí ilé ìṣẹ́ tó ń fọ omi ẹ̀gbin mọ́. Èyí tó tóbi jù ní ìlú náà ni Hyperion, ó wà ní Playa del Rey létí òkun. Ìkejì ni páìpù òjò. Gbogbo ojú gọ́tà tí ẹ ń rí lẹ́bàá títì, páìpù òjò ló ń bọ́ sí. Páìpù òjò kò lọ sí ilé ìṣẹ́ kankan. Inú òkun ló ń lọ tààrà, bó ṣe rí ló ṣe ń wọlé síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọ̀ ọ́, àyàfi láwọn ibi tí mo máa sọ fún yín láìpẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ló fà á. Ní 1938, àgbàrá ya wọ Los Angeles, ó gbé afárá, ó gbé ilé, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Wọn kò gbà fún un lóòótọ́. Àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà da kọnkéré bo odò Los Angeles, odò tó gùn tó máìlì 51, kí omi lè yára sá kúrò nílùú. Ní ayé ìgbà yẹn, omi òjò jẹ́ ọ̀tá tí wọ́n ń lé. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó ti sin òkú àgbàrá kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí yóò ṣe tọ́jú omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọdún 1938 la ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní, bẹ́ẹ̀ ìṣòro tiwa ti yàtọ̀. Tiwa ni ọ̀dá.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò kò rọ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ ó rò pé inú páìpù òjò gbẹ. Kò gbẹ! Omi tí wọ́n fi ń bomi rin koríko iwájú ilé, tó ṣàn kọjá koríko bọ́ sórí títì. Omi tí wọ́n fi fọ mọ́tò. Omi tí ilé oúnjẹ fi fọ ẹ̀yìnkùlé. Omi páìpù tó ń jò: gbogbo wọn ń para pọ̀. Ìgbẹ́ ajá wà nínú rẹ̀, òróró mọ́tò wà nínú rẹ̀, oògùn apakòkòrò wà nínú rẹ̀, lúbúlúbú rọ́bà táyà wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru lọ bá àwọn ọmọ wa níbi tí wọ́n ti ń fi iyanrìn kọ́lé létí òkun.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ìlera lọ sí etí òkun Santa Monica Bay. Wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó wẹ̀ nínú òkun sọ̀rọ̀. Wọ́n fi àwọn tó wẹ̀ níbi tí ẹnu gọ́tà ti ń tú sókun wé àwọn tó wẹ̀ ní nǹkan bíi yáàdì 400 síbẹ̀. Àwọn ti ẹnu gọ́tà ni ibà mú jù, àwọn ni òtútù mú jù, àwọn ni èébì gbé jù, àwọn ni etí ń ṣọyún fún jù. Ẹ rántí pé òjò kò rọ̀ o. Omi ẹ̀ẹ̀rùn ni mò ń sọ.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1999, ó kan Huntington Beach ní Orange County. Wọ́n ti ibi tó pọ̀ nínú etí òkun náà pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, ìgbà tí àlejò ń wọ́ wá, nítorí pé bakitéríà tí wọ́n ń rí nínú omi pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n wá orísun rẹ̀ títí. Wọ́n fura sí páìpù ìdọ̀tí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fura sí gọ́tà. Wọ́n fura sí àbàtà tó wà nítòsí àti àwọn ẹyẹ inú rẹ̀. Ó ṣòro láti mú ẹnì kan ṣoṣo kí a ní òun ni ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró de ìdájọ́. Ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ tó ń bójú tó omi ẹ̀gbin ní Orange County bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi gọ́tà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sínú páìpù tirẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa ti dùn.

Bí wọ́n ṣe ń yí omi lọ́nà padà

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ bá mi fojú inú wò ó. Gọ́tà ńlá kan ń bọ̀ láti àárín ìlú, ó kù díẹ̀ kó dé òkun. Níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan, wọ́n fi kọnkéré mọ ọ́n. Wọ́n mọ ìdènà kékeré sí ìsàlẹ̀ gọ́tà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí omi tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ kò fi ní lè gorí rẹ̀. Inú kòtò ni yóò bọ́ sí. Asẹ́ irin wà níbẹ̀ tó ń gba ike, ewé àti bébà dúró. Pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀ tó ń fa omi sókè lọ sínú páìpù ìdọ̀tí tó wà nítòsí. Ẹ̀rọ tún wà tó ń ṣọ́ bí omi ṣe ń ga sí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, pọ́ǹpù á dákẹ́, ìlẹ̀kùn á tì, omi òjò á gorí ìdènà yẹn kọjá lọ sí òkun. Bí òjò bá dá, tí títì gbẹ, wọ́n á tún ṣí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Los Angeles ní irú rẹ̀ káàkiri etí òkun rẹ̀, tí wọ́n ń darí omi lọ sí Hyperion.

Kí ló jẹ́ kí àyè wà nínú páìpù ìdọ̀tí? Nítorí pé wọ́n kọ́ ọ fún wákàtí tí gbogbo ìlú ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìlú bá sùn, omi inú páìpù náà máa ń dín kù gan-an. Láwọn ibòmíràn, wọ́n á gba omi gọ́tà pamọ́ ní ọ̀sán, wọ́n á tú u sílẹ̀ lóru. Ohun mìíràn tún wà: bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣọ́ omi lò nínú ilé, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgbàlódé kò gba omi púpọ̀ mọ́, omi tó ń wọ páìpù ìdọ̀tí ń dín kù. Ilé ìṣẹ́ tó fẹ́ sọ omi ẹ̀gbin di omi tuntun ń wá omi kiri. Omi gọ́tà tí a ń dà nù nìyẹn!

Àwọn ará Santa Monica kọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí a wà yìí, àwọn àti Los Angeles kọ́ ilé ìṣẹ́ kan nítòsí èbúté Santa Monica, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífọ omi gọ́tà nìkan. SMURRF ni wọ́n ń pè é. Ó lè fọ gálọ́ọ̀nù 500,000 lóòjọ́. Asẹ́ á kọ́kọ́ gba pàǹtí, wọ́n á yọ iyanrìn, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ gbé òróró léfòó, wọ́n á sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á wá fi ìtànṣán pa kòkòrò àrùn. Omi náà ń bomi rin koríko ìgboro, wọ́n sì ń fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn kò fi pamọ́. Wọ́n kọ́ ọ kí ẹni tó ń rìn lọ lè dúró wò ó. Àwọn ọmọdé máa ń gbára lé irin, wọ́n á máa wo bí omi dúdú ṣe ń di funfun. Ìlú tó fi ìdọ̀tí rẹ̀ han àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ láìsọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Orange County ló ṣe èyí tó ga jù lójú tèmi. Iléeṣẹ́ omi ẹ̀gbin wọn lè gba omi gọ́tà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó mílíọ̀nù 10 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́. Níbo ni omi yẹn ń lọ? Wọ́n á kọ́kọ́ fọ òun àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa pọ̀. Láyé àtijọ́ òkun ni wọ́n á dà á sí. Láti oṣù kìíní ọdún 2008, ilé ìṣẹ́ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Fountain Valley tó ń gbà á. Wọ́n á fi í gba inú ọ̀pá asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà kò lè kọjá. Wọ́n á tún fi agbára tì í gba awọ kan tí iyọ̀ pàápàá kò lè kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide sí i, wọ́n á tan ìtànṣán sí i, kí ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lè túká. Omi tó jáde níbẹ̀ mọ́ débi pé wọ́n ní láti da ẹfun díẹ̀ padà sí i kó má baà máa jẹ páìpù.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́. Ní 2015 ó di mílíọ̀nù 100. Ní 2023 ó di mílíọ̀nù 130, èyí tó tó bíi mílíọ̀nù kan èèyàn lò. Apá kan, wọ́n ń tì í sínú ilẹ̀ létí òkun kí omi iyọ̀ má baà wọ inú kànga. Apá kejì ń gba inú páìpù máìlì 13 lọ sí Anaheim, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kó rì wọ inú ilẹ̀ di omi kànga. Nínú kànga yẹn ni àwọn ìlú ti ń fa omi mu.

Mo ti kó díẹ̀ nínú àwọn èèyàn wa lọ síbẹ̀ rí. Wọ́n máa ń fún àlejò ní omi náà mu níparí ìrìn. Ìyá àgbà kan wà pẹ̀lú wa. Wọ́n gbé ife fún wọn, wọ́n wò ó, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọn kò mu ún. Wọ́n bi ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri pé, "Ìwọ ń mu ún?" Ó ní òun ń mu ún. Màmá ní, "Mu ún kí n rí ọ." Ó mu ún. Màmá náà wá mu tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Mo fẹ́ràn ohun tí màmá ṣe yẹn. Wọn kò ní kí wọ́n fi ìwé hàn wọ́n. Wọ́n ní kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ mu ún lójú wọn. Bó ṣe yẹ kí gbogbo ìlú máa bi ìjọba rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí òjò bá dé

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé: bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò da gbogbo omi òjò sínú páìpù ìdọ̀tí? Kí ló dé tí ẹ ní wọ́n á ti ìlẹ̀kùn nígbà tí òjò bá dé, nígbà tí omi gan-an wá pọ̀?

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olóṣèlú ti máa ń ṣi ọ̀nà. Ẹni tó se oúnjẹ igba èèyàn sílẹ̀ fún ìnáwó lè gba mo-gbọ́-mo-yà ogún láìsí wàhálà. Bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Bí òjò ṣe rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí òjò íǹṣì kan bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀-bàtà 1,000 níbùú lóròó (square feet), omi orí òrùlé yẹn tó gálọ́ọ̀nù 623. Òrùlé ilé kan nìyẹn. Ilẹ̀ éékà kan á gba ju gálọ́ọ̀nù 27,000 lọ. Ẹ wá wo gbogbo òrùlé, gbogbo títì, gbogbo ibùdó mọ́tò tó wà láti orí òkè títí dé etí òkun. Páìpù wo ló fẹ́ gbé e?

Bí wọ́n bá da á sí páìpù ìdọ̀tí, páìpù á kún, á bẹ́ sórí títì, ìgbẹ́ á sì bá a jáde. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó bi àwọn èèyàn wa tó wà ní London. Níbẹ̀, láti ayé Bazalgette, ẹnjiníà tó kọ́ páìpù ìdọ̀tí London ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí òjò bá ti pọ̀, odò Thames ni àpọ̀jù ń tú sí. Wọ́n ní láti gbẹ́ ihò ńlá kan lábẹ́ ìlú, tó gùn tó kìlómítà 25, láti gba omi yẹn dúró. Oṣù kejì ọdún 2025 ni wọ́n tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ìlú tó bá kó méjèèjì pọ̀ láìní àyè tí yóò kó wọn sí yóò san án padà.

Nítorí náà, ohun tí omi òjò nílò ni ibi tí yóò ti dúró de àsìkò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà sí Santa Monica. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá èbúté, wọ́n ri táńkì tó ń gba mílíọ̀nù 1.6 gálọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ilé ìṣẹ́ kan sábẹ́ ibùdó mọ́tò ní àárín ìlú. Ẹ gbọ́ o: sábẹ́ ibùdó mọ́tò! Ẹni tó gbé mọ́tò sórí rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ń fọ omi lábẹ́ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ó lè fọ mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, omi ìdọ̀tí àti omi òjò pa pọ̀, ó sì ní táńkì omi òjò tirẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.5 gálọ́ọ̀nù. Bí òjò bá rọ̀, táńkì á gbà á. Bí òjò bá dá, wọ́n á máa bù ú díẹ̀díẹ̀ fọ̀. Ní ọjọ́ tí òjò kò sí, omi ìdọ̀tí á máa fún ẹ̀rọ níṣẹ́ ṣe, kó má jókòó lásán. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì mọ ìgbà òjò.

Ní Monterey, ní ìhà àríwá wa, láti 2020 ni wọ́n ti ń da omi òjò ìlú Salinas, omi oko, àti omi tí ilé ìṣẹ́ fi ń fọ ẹ̀fọ́ mọ́ omi ìdọ̀tí, tí wọ́n ń sọ ọ́ di omi mímu. Wọ́n jẹ́ kó yé mi pé omi gọ́tà etí òkun nìkan kọ́ ni wọ́n lè lò bẹ́ẹ̀.

Bí táńkì kò bá lè gba gbogbo òjò, èwo ni ká kọ́kọ́ mú? Òjò àkọ́rọ̀ ni. Ìdọ̀tí oṣù márùn-ún, oṣù mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ ń gbá lójú títì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àwọn elétò ìlera káúńtì Los Angeles fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú òkun fún wákàtí 72 lẹ́yìn òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń gun pákó lórí ìgbì, ẹ rántí wákàtí 72 yẹn. Ọ̀wàrà tó bá tẹ̀ lé òjò àkọ́rọ̀ mọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mu ún.

Ohun tí àwọn alátakò ń sọ

Kì í ṣe gbogbo alátakò ni aláìmọ̀kan. Àwọn kan ní bí ẹ bá gba gbogbo omi gọ́tà, kí ni ẹja yóò mu, kí ni yóò kù fún odò àti àbàtà? Òótọ́ ni. Àwọn odò kan wà tó jẹ́ pé omi gọ́tà yìí ló kù tó ń gbé ẹ̀mí inú wọn ró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ti odò sílẹ̀ fún odò. Ibi tí gọ́tà bá ti ń tú sórí iyanrìn tààrà, mi ò rí ìdí tí a fi ń jiyàn.

Àwọn mìíràn ní oògùn olóró inú gọ́tà yóò ba ilé ìṣẹ́ jẹ́. Èyí náà kì í ṣe àsọdùn. Ní ilé ìṣẹ́ omi ẹ̀gbin, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ló ń jẹ ìdọ̀tí fún wa. Bí ẹnì kan bá da gálọ́ọ̀nù oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà sí gọ́tà, tí ìyẹn dé ọ̀dọ̀ wọn, ó lè pa wọ́n. Létí òkun ẹ̀wẹ̀, omi iyọ̀ máa ń wọ inú gọ́tà nígbà tí òkun bá kún, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ máa ń ná ni lówó yọ. Ìdí nìyẹn tí Orange County kò fi gba omi gọ́tà ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé onítọ̀hún gba ìwé àṣẹ, tó sì ń yẹ omi náà wò.

Ní ti àwọn tó ní ìríra ló ń ṣe àwọn, mo ti sọ ìtàn màmá. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ìjọba Kalifọ́níà fọwọ́ sí òfin tó gbà kí wọ́n fọ omi ẹ̀gbin, kí wọ́n sì gbé e lọ sí páìpù omi mímu láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọ inú ilẹ̀. Los Angeles ti kéde ní 2019 pé òun fẹ́ kí gbogbo omi Hyperion di èyí tí wọ́n ń tún lò tó bá fi máa di 2035. Nítorí náà, ìbéèrè pé ṣé a ó mu ún ti ń kọjá lọ. Ìbéèrè tó kù ni ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, báwo ni yóò sì ṣe máa fi hàn wá.

Owó ta ni?

Owó yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ní káúńtì Los Angeles, ẹ wo ìwé owó-orí ilé yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Measure W, owó-orí tí wọ́n ń gbà nítorí iṣẹ́ omi òjò. Sẹ́ǹtì méjì àtààbọ̀ ni lọ́dún, lórí ẹsẹ̀-bàtà níbùú lóròó (square foot) kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ yín tí omi kò lè wọ̀: òrùlé, kọnkéré, ojú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí tiyín bá jẹ́ 2,000, dọ́là 50 ni ẹ ń san lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 280 dọ́là lọ́dún. Ìdajì rẹ̀ ń lọ sí iṣẹ́ ńláńlá tó kárí agbègbè, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ń padà sọ́wọ́ ìlú tí ẹ ń gbé, ìyókù wà lọ́wọ́ káúńtì.

Mélòó nínú wa ló ti lọ sí ìpàdé kan rí láti bèèrè ohun tí ìlú rẹ̀ fi ìdá 40 yẹn ṣe? Ẹ wò ó, a máa ń jókòó síbí bínú sí owó-orí. Owó yìí, ẹ̀tọ́ yín ni láti bèèrè rẹ̀. Ìlú yín lè fi kọ́ táńkì sábẹ́ pápá ìṣeré ọmọ yín. Àwọn àgbàlagbà wa tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ sì lè bèèrè pé kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn kúrò nínú sísan án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá àwọn òbí yín wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé ńkọ́?

Wọ́n ti bi mí kí n tó gun orí pẹpẹ yìí: ṣé a lè ṣe èyí ní Èkó? Ìdáhùn mi kò gùn. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, kì í sì í ṣe nísinsìnyí. Èkó kò ní páìpù ìdọ̀tí tó kárí ìlú. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń lo sọ́kàwéè. Ẹ kò lè darí omi sí páìpù tí kò sí. Òjò oṣù kẹfà nìkan ní Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó ń rọ̀ sí Los Angeles ní ọdún kan gbáko. Nígbà tí àgbàrá gbé èèyàn lọ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, bí Ògùnpa ti ṣe ní 1980, ohun tí ìlú nílò ni ọ̀nà tí omi yóò gbà, àti kí ilé kúrò lójú odò. Ẹni tó bá gbé àwòrán Santa Monica lọ bá ìjọba nílé kó lè gba kọ́ńtíráàtì, ẹ dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tó ń gbé àgbá sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni kí àwọn ẹnjiníà wa ti bẹ̀rẹ̀: táńkì ńlá ní ilé ìwé, ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó ronú kan páìpù.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ gbé mọ́tò yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, nítorí pé omi ibẹ̀ ń wọ páìpù ìdọ̀tí. Ẹ ṣa ìgbẹ́ ajá yín. Ẹ má da òróró sí ojú gọ́tà, bí ó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ilé ìṣẹ́ Fountain Valley fúnra rẹ̀, wọ́n ń gba àlejò lọ́fẹ̀ẹ́. Kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, a ó jọ ṣètò ọjọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ dání.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Mo ti rí ọwọ́ bàbá kan tó nà sókè lẹ́yìn. Ẹ máa wí, bàbá, mò ń gbọ́.